Àmì Abẹ́ Sí

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bíírò pupa jẹun
nílé ìtẹ̀wé kékeré kan nítòsí Tákìé.
Ẹ̀rọ ń lọgun, yàrá ń rùn bíi kẹrosíìnì,
èmi jókòó ti fèrèsé, mò ń wá àṣìṣe
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Bí òǹkọ̀wé bá kọ "isu", ma kán àmì sábẹ́ rẹ̀.
"Asọ": mo kán an. "Osù": mo kán an.
Ọ̀gá wa ní ìwé tí yóò dé Ìbàdàn
kò gbọdọ̀ rùn bí oko.

Lọ́yẹ́ tó kọjá ni Oyèbísí gbé tirẹ̀ dé
nínú àpò sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù.
Ó kọ nípa bàbá bàbá rẹ̀,
Làmídì tó ń ta abọ́ tánganran ní Tàmálè,
tí wọ́n fún ní ọ̀sẹ̀ méjì péré
kó fi di ọgbọ̀n ọdún sínú lọ́rì.
Níbi tí bàbá yẹn bá ti lanu, kò sí àmì kankan lábẹ́ sí.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣí bíírò.

Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú.
Ó ní òun ka ìtàn àwọn ará Màdúrà,
erékùṣù kan ní òkun Indonéṣíà lọ́hùn-ún,
ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti ń fi oòrùn se iyọ̀,
tí wọ́n ń fi akọ màlúù sáré ìje lẹ́yìn ìkórè.
Àwọn ará ìlú ńlá ní èèyàn líle ni wọ́n,
pé ìbínú wọn kì í pẹ́ dé ìdí dòjé.
Bí wọ́n bá wọnú ìtàn ẹlòmíràn, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí:
alágbàṣe, aláriwo,
ẹni tí wọ́n fi ń pa òǹkàwé lẹ́rìn-ín.
Títí àwọn ọmọ wọn fi mú kálámù,
tí wọ́n fi ohùn ìyá wọn pe iyọ̀ ní iyọ̀.
"Wọn ò sọ pé àwọn kì í bínú o, Bàbá.
Ohun tó ń bí wọn nínú ni wọ́n kọ."

Mo ní, kí ló kan iyọ̀ Màdúrà kan Ìsàlẹ̀-Afọ́n?
Kò dá mi lóhùn. Ó ṣí ojú ewé kejìdínláàádọ́ta.

Òru ni, lẹ́bàá ẹnubodè. Lọ́rì ti túká,
ọmọ ti sọnù mọ́ ìyá lọ́wọ́,
òkùnkùn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ilà ojú ẹnikẹ́ni.
Làmídì ń ké: "Sé ẹ̀yin nìyẹn? Sé ẹ̀yin nìyẹn?"
Ohùn obìnrin kan sì jáde láti inú igbó:
"Àwa ni! Ẹ sọ́ra, kòtò wà níbẹ̀!"

Mo pa ìwé dé.
Mo rántí sàréè ìyá mi ní Arówómọlé,
bí mo ti san owó lọ́tọ̀ fún agbẹ́kúta
nítorí àmì kan ṣoṣo lábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Àṣàkẹ́. Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
Àsàkẹ́ ló pe ara rẹ̀ títí tó fi kú.

A ṣì jà sí i. Mo ní ọmọ iléèwé
yóò fi ìwé yìí gba òdo nínú ìdánwò.
Ó ní kí wọ́n gbà á.
Mo kán àmì síbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń sọ̀tàn;
ẹnu Làmídì, n ò fọwọ́ kàn án.

Lóṣù tó kọjá obìnrin kan pè mí láti Ìbàdàn.
Ó ti ka àṣìṣe inú ìwé náà, ó lé ní igba.
Ó fohùn pẹ̀lẹ́ bi mí léèrè
bóyá àgbà ti dé.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá,
ojú ló ń se mí.